Ewúrẹ́ Tó Sùn Láàárín Ọ̀nà

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú,
àpò kan lọ́wọ́, ike omi kan lábíyá.
Mo ní, "Wàkílù," torí orúkọ rẹ̀ ló kọ sára ọ̀kadà rẹ̀,
"gbé mi lọ sí àdúgbò tó dákẹ́."
Ó wò mí láti òkè délẹ̀.
"Bàbá, tó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lẹ ń wá,
ọ̀nà itẹ́ rèé o. Wọn kì í gbowó ilé níbẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìyẹ̀fun n'Ílúpéjú,
níbi tí a ti ń fi ojú bá ara wa sọ̀rọ̀.
Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò tíì fẹ̀yìn tì nínú etí mi:
tí mo bá ti dùbúlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, hùùùù,
bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé láti pa á.
Dókítà ní kí n wá ibi tó tura lọ.
Kò dárúkọ ibì kankan. Èmi ni mo mú Ẹ̀pẹ́,
torí mo jẹ ẹja rẹ̀ rí, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ilé àlejò àkọ́kọ́ mọ́, ó ń dán,
bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tẹ́jú bí ìwé tí a ò tíì kọ nǹkan sí,
ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ jókòó sábẹ́ fèrèsé bí ọmọ onílé.
Mo ní ká máa lọ.
Èkejì wà létí ọ̀sà, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́.
"Aago mélòó ni ọkọ̀ ẹja ń gúnlẹ̀?"
Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní, "Aago mẹ́rin ìdájí.
Tí wọ́n bá ti dé, òkú gan-an á jí béèrè iye tí wọ́n ń ta obòkún."
Mo ní ká máa lọ.
Epo Wàkílù ń tán lọ, sùúrù rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Ó yà lẹ́yìn Pópó-Ọba, ó tún yà,
ọ̀dà tán, ó ku yẹ̀pẹ̀ pupa,
ó sì tẹ bíréèkì.
Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ gbalaja láàárín ọ̀nà, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Wàkílù fọn fèrè.
Ewúrẹ́ la ojú kan, ó tún pa á dé.
Mo bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ibí ni."

Màmá Bísíríyù ní yàrá kan, ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kàdúná.
"Ta lẹ wá rí?"
"N kò wá rí ẹnikẹ́ni."
"Irú àlejò wo nìyẹn?"
Ó gbowó ọjọ́ mẹ́ta, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ń mi orí.

Lóru, mo gbọ́ omi tó ń kán sínú garawa.
Mo gbọ́ ẹnì kan tó yí padà lórí ẹní nínú yàrá kejì.
Hùùùù tèmi náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó rẹlẹ̀,
bí àlejò tó mọ̀ pé àlejò ni òun.

Ilẹ̀ mọ́. Inú mi dùn. Mo jáde, mo kí gbogbo ojúlé:
"Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé dáadáa la jí? Ìyá, ẹ kú iṣẹ́!"
Fèrèsé ṣí gbà. Ajá gbó. Ọmọ tuntun figbe ta.
Ewúrẹ́ dìde, ó gbọn ara, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ṣùkúrà, ọmọ-ọmọ Màmá Bísíríyù, ọmọ ọdún mẹ́fà,
wá dúró níwájú mi.
"Bàbá, ta lẹ ń bá jà?"

Mo ti ka jẹnẹrétọ̀. Mo ti béèrè aago ọkọ̀.
N kò bi ara mi léèrè
ohun tí èmi fẹ́ gbé wọ àdúgbò.
Ohùn mi ti gun orí ẹ̀rọ láti ìgbà èwe,
ẹ̀rọ dúró, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Kọ́ mi."
Ó fi ìka kan ètè. "Ẹ káàárọ̀,"
bí ẹni tó ń gbé ẹyin sínú àwo.
Mo sọ ọ́. Ó ní ó ṣì pọ̀. Mo tún un sọ.
Ó ní ó kù díẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé àpò mi,
mo kí wọn lójúlé lójúlé títí dé ìkángun.
Ewúrẹ́ la ojú kan.
Ó tún pa á dé.